Wọ́n kàn ń wò mí, wọn ò pàtẹ́wọ́: ṣé orin mi ò dùn mọ́ wọn ni?

"Ẹ̀gbọ́n, àsàlámù àlékùn. Orin ìsìláàmù ni mò ń kọ, Ìlọrin níbí ni mò ń gbé. Wọ́n máa ń pè mí sí wòlímọ̀, sí ìsọmọlórúkọ, sí yìgì, wọ́n sì máa ń pè mí lọ sí Ọ̀fà àti Ọmù-Àrán. Ìṣòro mi ni pé tí mo bá ń kọrin, àwọn obìnrin tó jókòó síwájú mi kàn máa ń wò mí ni. Wọn ò pàtẹ́wọ́, wọn ò pariwo, àwọn kan gbé fóònù sókè, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Èmi náà ò lè jó, híjáàbù ni mo wọ̀. Tí mo bá parí, wọ́n á wá gba nọ́mbà mi, ìyẹn gan-an ò yé mi. Mo máa ń wo fídíò àwọn tó ń kọrin ní Èkó, èrò ń fò sókè. Máníjà mi ní kí n máa ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Mo ṣe é ní Ọ̀fà, àwọn díẹ̀ gbé e, àwọn tó kù ń wo ara wọn, ojú tì mí. Èyí tó wá dùn mí jù, obìnrin kan tó fẹ́ràn orin mi fi vóìsì ránṣẹ́, ó ní òun jókòó níwájú, mo wo òun lójú kòrókòró, òun juwọ́ sí mi, mo gbójú kúrò, pé mo ti ń gbéra ga. Wàláì, mi ò rí i. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, wà àlékùn sàlámù. Mo ka ohun tó o kọ dáadáa. O rò pé ẹjọ́ méjì lo kó wá, lójú tèmi ọ̀kan náà ni. Ìwọ ń sọ pé èrò ò bá ẹ sọ̀rọ̀, obìnrin yẹn náà ń sọ pé ìwọ ò bá òun sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo yín lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí kálukú yín ń wò kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí èmi máa ń dúró sí tí mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Gángan ni mò ń lù. Ẹ̀yìn akọrin ni mo máa ń wà, mo ti lù fún oní-dadakúàdà, mo ti lù fún onífújì, ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tó jẹ́ pé ẹ̀yin olórin ìsìláàmù lẹ̀ ń pè mí jù. Ẹni tó di máíìkì mú, ọ̀rọ̀ tó kàn ló wà lọ́kàn ẹ̀, ó ń wá ohùn, ó ń rántí orúkọ ẹni tó pè é sóde, kò ráyè wo èrò. Onílù ló ń wo èrò, torí tí onílù ò bá wo ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ ìlù àti ìgbà tó yẹ kó le mọ́ ọn. Ohun tí ojú mi ń rí láti ẹ̀yìn àwọn akọrin ni màá sọ fún ẹ.

Kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́kàn pé ẹni tó dákẹ́, orin ò dùn mọ́ ọn ni. Ní Ìlọrin níbí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú tó bí dadakúàdà ni ìlú yìí, dadakúàdà sì jẹ́ orin tí wọ́n ń gbọ́ torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Tí Odòlayé Àrẹ̀mú tó ṣaláìsí ní 1997 bá ń kọrin, tàbí Jáígbadé Àlàó, ta ló ń fò sókè? Òwe ni wọ́n wá gbọ́, oríkì ni, ìtàn ìdílé ni, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń bá wí nìkan ló máa mọ̀. Tó o bá pariwo nídìí irú orin yẹn, ọ̀rọ̀ á fò ẹ́, ẹni tó jókòó tì ẹ́ á sì ní kó o dákẹ́ jàre kí òun gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé ibi tó dùn, wàá rí bàbá méjì, ọ̀kan á na àtẹ́lẹwọ́, èkejì á gbá a, wọn ò ní wo akọrin rárá, ara wọn ni wọ́n máa wò, orí á wá máa mì. Àtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ló ń jókòó síwájú ẹ báyìí, etí tí àwọn bàbá yẹn fi ń gbọ́ orin ni wọ́n jogún. Ẹni tí orin ò dùn mọ́ kì í jókòó kó máa wò ẹ́, nǹkan míì ló máa wá ṣe: á ṣí báàgì, á máa wá ohun tí kò sọnù, á pe ọmọ pé kó wá jẹun, á kọjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ọjà, á béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá burú jù, á yínmú sí ẹ, á sì rí i dájú pé ẹlòmíì rí i. Àmọ́ ẹni tó kọjú sí ẹ, tó dákẹ́, tí ọrùn ẹ̀ gùn síwájú díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ ló ń gbé mì yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba nọ́mbà ẹ tó o bá parí, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Ọwọ́ náà làwọn èèyàn tìẹ fi ń dáhùn, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ tó ń dún. Tó o bá ti wọnú àdúà nínú orin, tó o ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fọmọ ṣòfò, wo orí itan wọn. Àtẹ́lẹwọ́ á ṣí. Ẹlòmíì ò ní gbé e sókè, orí itan náà ló máa wà, á kàn yí i padà kó kọjú sókè, fóònù tó wà níbẹ̀ á ti wọ báàgì tàbí kó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó o bá parí àdúà yẹn, ọwọ́ méjèèjì á lọ sójú, á fi nu ú. Èèyàn tó ń gbọ́ orin lásán kì í fọwọ́ nu ojú. Ó ti gbà á bí àdúà nìyẹn, mi ò sì mọ àtẹ́wọ́ tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ tó o gbé dání. Tẹ̀sùbáà náà ń sọ̀rọ̀, wàá rí i tí ìyá kan ń yí i tẹ̀ lé ìlù, kì í ṣe tẹ̀ lé sìkírì tó ń ṣe. Tó o bá sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, ìka kan á yọ sókè níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Abẹ́ àga náà wà, ibẹ̀ lèmi máa ń wò jù, torí èèyàn lè di ojú ẹ̀ mú, ó lè di ọwọ́ ẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ló máa ń ya olúwa ẹ̀ lẹ́nu. Mo rí ìyá kan ní wòlímọ̀ kan ní Pákàtà ní Ìlọrin níbí, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n mú dání, irú èyí tí wọ́n tẹ fọ́tò ọlọ́jọ́ sí lára. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú gángan mi, ó dájú pé ìyá fúnra wọn ò mọ̀. Akọrin wá dé ibi tó ti ń sọ ti ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ kọ́mọ ẹ̀ lè lọ ilé kéú. Abẹ̀bẹ̀ dúró. Ó dúró sókè níbẹ̀, kò kan àyà, kò kan itan, títí ẹsẹ orin yẹn fi parí, ìyá wá fa etí ìborùn, wọ́n fi tẹ ojú ọ̀tún, wọ́n fi tẹ tòsì, abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Akọrin ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un nínú mọ́tò tá a jọ ń bọ̀, ó ní ibi yẹn gan-an lòun rò pé òde ti tutù, pé òun tiẹ̀ gé orin kúrú torí ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí máníjà ẹ ò sọ fún ẹ, bóyá òun náà ò tíì kíyè sí i. Níbi tiwa níbí, èrò kì í dá ẹ lóhùn tààrà, ojú àgbà kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Níbi wòlímọ̀ ó lè jẹ́ Ìyá Àdínnì, níbi yìgì ó lè jẹ́ ìyá ìyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ ó lè jẹ́ ìyá ọkọ tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ibòmíì sì wà tó jẹ́ álífáà tó ṣàdúà ìbẹ̀rẹ̀ ni. Obìnrin tó fẹ́ mi orí, kó tó mì í, ojú ẹ̀ á ti kọ́kọ́ ṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Tí ìyá bá mi orí, gbogbo orí ló máa mì. Tí ìyá bá fajú ro, kódà kó jẹ́ pé eyín ló ń dùn wọ́n, gbogbo ilé ló máa le. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ o ní láti mọ ojú ẹni tó yẹ kó o wò. Torí náà kó o tó gun sítéèjì, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó pè ẹ́ pé ta làgbà ibí yìí. Lọ síbẹ̀, kúnlẹ̀ kí wọn, jẹ́ káwọn tó jókòó rí i pé o kúnlẹ̀ àti pé ìyá fọwọ́ kàn ẹ́ léjìká tàbí wọ́n ṣàdúà fún ẹ. Mo ti rí i tí òde yí padà látàrí nǹkan kékeré yẹn, kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ rárá. Tó o bá wá ń kọrin, ìyá yẹn ni kó o máa padà sí, kì í ṣe máníjà tó ń juwọ́ sí ẹ láti ẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ álífáà lo rí tó ń wo ilẹ̀, ìyẹn wá yàtọ̀, má ṣe jẹ́ kó bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́ láìnídìí. Súrà Nûr, àyà 30 àti 31, pàṣẹ fún onígbàgbọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin pé kí wọ́n máa rẹ ojú sílẹ̀. Tí obìnrin bá wà níwájú, ọ̀pọ̀ álífáà ilẹ̀ ni wọ́n máa wò, ọ̀wọ̀ ni, ìtìjú ni, kì í ṣe ìkórìíra. Tí álífáà ò bá fẹ́ ohun tó ń lọ, ìyẹn máa hàn lọ́nà míì: á pe ọmọ ilé sọ́dọ̀, á sọ̀rọ̀ sí i létí, á wo aago, á tún láwàní ṣe, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà ẹ̀ jọ. Tó o bá rí irú ìyẹn, dẹ ìlù, wọ àdúà, má bá a figagbága. Àwọn álífáà kan wà tí wọn ò fọwọ́ sí i pé kí obìnrin kọrin níwájú ọkùnrin, àwọn kan ò sì fẹ́ ìlù rárá. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá onílù, ọ̀dọ̀ álífáà tìẹ ni kó o ti lọ béèrè.

Ó wá ku fídíò Èkó tó ń dà ẹ́ láàmú. Àwọn tó o rí yẹn, owó ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, alẹ́ ni, orí ìdúró ni wọ́n wà, torí olórin yẹn nìkan ni wọ́n ṣe jáde nílé. Àwọn tó wà níwájú ẹ, ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ ló gbé wọn wá, ìwọ wà lára ohun tí ọlọ́jọ́ fi dá wọn lọ́lá. Wọ́n jókòó, abọ́ ìrẹsì wà lórí itan, ọmọ wà lẹ́yìn, àpò aṣọ ẹbí wà lábẹ́ àga, ọwọ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbé sókè? Fídíò yẹn náà, ẹni tó gé e ló yan ibi tó máa hàn, kámẹ́rà kì í dojú kọ ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni. Ní July 1985, ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Queen kọrin ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kówó jọ fáwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia, gbogbo pápá pàtẹ́wọ́ lókè orí bákan náà bíi pé wọ́n so ọwọ́ wọn pọ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń wo fídíò yẹn títí dòní pẹ̀lú ìyanu, àmọ́ àtẹ́wọ́ yẹn ti wà nínú fídíò orin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí yẹn, Radio Ga Ga, kó tó di ọjọ́ yẹn, èrò ti rí i nílé. Fẹlá ní ìkúùkù méjì tó máa ń gbé sókè, tó bá gbé e, àwọn èèyàn ẹ̀ náà á gbé e. Lady Gaga lámẹ́ríkà ń ká ìka bí èékánná ẹranko sáwọn olólùfẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ń ká a padà sí i. Àwọn olórin Korea, iná ọwọ́ ni fáànsì wọn ń gbé wá, ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n pàṣẹ ẹ̀ náà ló di àṣà.

Ṣé mò ń sọ pé "ẹ gbọ́wọ́ sókè" ò dáa ni? Rárá o. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún èrò tí ara wọn ti gbóná tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn ń dúró kí ẹnì kan fún wọn láyè, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ dáadáa, tí wọ́n bá pè ẹ́ sí ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, dán an wò. Àmọ́ fún àwọn ìyá tó jókòó, ewu ẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ. Tó o bá pàṣẹ tí èèyàn díẹ̀ bá ṣe é, ojú á ti àwọn tó ṣe é, ojú á ti àwọn tí kò ṣe é, ojú á wá ti ìwọ náà, ohun tó o rí ní Ọ̀fà nìyẹn, kì í ṣe pé àwọn ará Ọ̀fà ò fẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ni kó o béèrè. Ní kí wọ́n tẹ́wọ́ àdúà, kò sí ẹni tí ò ní tẹ́ ẹ, gbogbo ọwọ́ á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wàá rí i. Àwọn ẹlẹ́gbè ẹ náà lè máa pàtẹ́wọ́ kan pàtó, kó rọrùn, kó jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo tó o bá lọ, má pe èrò sí i, jẹ́ kí wọ́n kàn máa gbọ́ ọ. Àwọn ìyá àtijọ́ tó ń kọ wákà, ọwọ́ àti sẹ́ẹ̀lì, irin tó ń dún lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń gbè é, kò ṣàjèjì sí ara wọn. Tó bá máa mú wọn, fúnra ẹ̀ ló máa mú wọn.

Fóònù tí wọ́n gbé sókè ńkọ́? Ẹni tó gbé fóònù ò lè pàtẹ́wọ́, ọwọ́ kan ò dún, torí náà má kà á sí àìfẹ́. Wo fóònù yẹn fúnra ẹ̀: tó bá ń mì díẹ̀díẹ̀, ara ẹni tó dì í mú ló ń jó. Tó bá dúró gbagidi tójú ẹ̀ sì wà níbòmíì, ọlọ́jọ́ ló ní kó ya fídíò. Owó náà, má fi ṣe òṣùwọ̀n. Owó tí wọ́n ń ná níbi ayẹyẹ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí, ẹni tó ń ná an lè máa bá àna ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lè máa bá ẹni tó jọ ń bára wọn díje sọ̀rọ̀, ìwọ kàn wà láàárín ni. Láfikún sí i, òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ka owó níná lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀, ó kéré tán ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti sọ gbajúmọ̀ kan sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀ ní Èkó ní 2024, ọ̀pọ̀ ti fà sẹ́yìn, àpò ìwé ni wọ́n ń fi sí báyìí, tàbí kí wọ́n tìráńsífà. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọlé lọ́jọ́ kejì lè jẹ́ ti ìyá tí kò mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Ìwọ fúnra ẹ, o ní o ò lè jó. Àbúrò mi, ijó kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ara. Ní January 1993, níbi ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, Michael Jackson tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ijó yọ sórí sítéèjì, ó kàn dúró ni. Kò mira, ó ju ìṣẹ́jú kan lọ, ariwo èrò ń ga sí i. Dídúró jẹ́ẹ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó dúró bá mọ ìdí tó fi dúró. Ìwọ ní ojú, o ní ọwọ́, o ní ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Tó o bá kọ gbólóhùn tó wúwo, má sáré lọ sí èyí tó kàn, fọwọ́ lé àyà, dúró, jẹ́ kó wọlé, èmi tàbí onílù tó wà lẹ́yìn ẹ á mọ̀ pé ká fa ìlù sílẹ̀. Gángan náà wà. Ìlù ń sọ̀rọ̀ torí pé ohùn Yorùbá wà nínú ẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, tí mo bá fi pe ìyá kan ní oríkì ẹ̀, wọ́n á dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe orúkọ wọn nínú máíìkì, tí wọ́n bá ti dìde, ìwọ kàn tẹríba sí wọn díẹ̀, o ti bá gbogbo agbo ìdílé yẹn sọ̀rọ̀. Onílù tó bá mọ ìdílé tí wọ́n pè yín sí, gbowó lé e, má fi tiẹ̀ sínú owó tó o fẹ́ dín.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó bínú ló kù. Òótọ́ lo sọ pé o ò rí i, òótọ́ lòun náà sọ pé o wo òun. Tí iná sítéèjì bá dojú kọ ẹ, ọmọlójú ẹ á sún kì láti sá fún ìmọ́lẹ̀, gbogbo ohun tó wà lókùnkùn lẹ́yìn iná yẹn á di dúdú, orí àti ìborùn lo máa rí, o ò ní mọ ta ni. Àwọn tó jókòó sókùnkùn ń rí ẹ títí dórí eyín. Tó o bá wá gbójú sí apá ibì kan, èèyàn tó pọ̀ níbẹ̀, tó fi mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kálukú wọn á rò pé òun gan-an lò ń wò, torí bí ọ̀nà bá ti jìn, èèyàn ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń wo òun àti ẹni tó ń wo ẹni ẹ̀gbẹ́ òun. Nígbà tó o tún ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn lọ́kàn, ojú là sílẹ̀ lásán ni. Àmọ́ má ṣe fojú kékeré wo ìbínú ẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, kéèyàn kí èèyàn kó má dáhùn, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Obìnrin yẹn ń gbọ́ ohùn ẹ nígbà tó ń dáná, nígbà tó ń gbọ́mọ sùn, lójú tiẹ̀ ẹ ti mọra tipẹ́. Ní 1956 làwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Horton àti Richard Wohl, ti kọ̀wé nípa irú ìfẹ́ báyìí, níbi tí ẹnì kan ti mọ ẹnì kejì dáadáa tí ẹnì kejì ò sì mọ̀ ọ́n rí, nígbà tó jẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń sọ. Ìfẹ́ gidi ni lọ́dọ̀ ẹni tó ní in. Vóìsì ni kó o fi dá a lóhùn, kó gbọ́ ohùn ẹ. Kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, má kọ́kọ́ ṣàlàyé. Tó o bá ti bẹ̀ ẹ́ tán, sọ fún un pé iná wà lójú ẹ, o ò rí ẹnikẹ́ni. Má purọ́ pé o rí i, torí tó bá bi ẹ́ ní àwọ̀ aṣọ tóun wọ̀, kí lo máa sọ?

Kí irú ẹ̀ lè dín kù, sọ fún àwọn oníná pé kí wọ́n tan iná sórí àwọn tó jókòó nígbà tó o bá wọlé àti nígbà tó o bá fẹ́ parí. Ní àsìkò yẹn, kí wọn láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, má kánjú, ọwọ́ láyà, orí tẹ̀ díẹ̀, kẹ́ni tó bá juwọ́ lè rí i pé o juwọ́ padà. Tó o bá parí, má gba ẹ̀yìn jáde, gba àárín àwọn ìyá kọjá. Àmọ́ o, jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹ bí ọmọ ìyá mi: ojú tó o fi ń wo àwọn ìyá, má fi wo ọkùnrin kan ṣoṣo. Ẹ̀rín tó o rín sí gbogbo èèyàn, ọkùnrin kan á gbé e lọ sílé pé tòun ni, mo ti rí akọrin obìnrin tí wọ́n ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà torí irú ẹ̀. Bó o bá ti ń jáde, kí ẹlẹ́gbè kan wà lápá ọ̀tún, kan lápá òsì, kó má ṣe jẹ́ ìwọ nìkan.

Ohun tí mi ò lè ṣèlérí fún ẹ ni pé wàá mọ ọkàn èrò ní gbogbo ìgbà. Ìyá tó ń sunkún, ó lè jẹ́ ọmọ tó kú lọ́dún tó kọjá ló rántí, orin ẹ kàn ṣí ilẹ̀kùn ni. Níbi fídáù, má retí nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn òde kan sì wà tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, oúnjẹ pẹ́, oòrùn mú, kò sí akọrin tó lè rí nǹkan ṣe sí i. Ohun tí màá fẹ́ kó o ṣe ni pé ní àwọn òde tó ń bọ̀ yìí, fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó máa wo èrò lọ, onílù kejì tàbí ẹlẹ́gbè tó ń sinmi, kó máa wo itan, kó máa wo ẹsẹ̀, kó máa wo àgbà tí mo sọ yẹn, kó sì sọ fún ẹ nínú mọ́tò orin tó ṣí ọwọ́ wọn àti orin tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣí báàgì. Àwọn orin tí wọ́n bá ti ń ṣí báàgì láti òde dé òde, bí wọ́n bá ti pé mẹ́ta mẹ́rin, gbà wọ́n sílẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ọ̀rọ̀ inú wọn àti ibi tí ìlù ti ń bò ó mọ́lẹ̀.